Ọ́ìlì Tí Lasteni Dà Yí Ilé Aya Rẹ̀ Ká

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi jókòó, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri dáadáa, kí ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ gbé e sílẹ̀ ná. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín kò gùn púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí à ń fi ìkánjú sọ. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tí ọ́ìlì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà sílẹ̀ lé kúrò nílé aya rẹ̀. Láràárọ̀ ló ń rí aya náà tó ń kọjá lọ, kò sì gbọ́dọ̀ pè é.

Lasteni ni orúkọ rẹ̀. Mẹkáníìkì ni, lẹ́bàá títì tó lọ sí ìlú Salima, níbi tí àwọn lọ́rì ẹlẹ́ja ti máa ń dúró kí ẹ́ńjìnnì wọn tutù. Ẹ mọ ọwọ́ mẹkáníìkì: bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó, ìlà àtẹ́lẹwọ́ á ṣì dúdú. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí Lasteni bá bu nsima, ọkà àgbàdo wa, ojú ìka rẹ̀ a máa hàn lára òkèlè. Ṣùgbọ́n Sinoliya, ọmọ abúlé Chingoka, fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lòun ń wò, òun ò wo àwọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ra, Lasteni ká ẹní rẹ̀, ó gbé ọkọ́ àti àáké lé èjìká, ó lọ ń gbé ní agbo ilé àwọn Sinoliya, bí ọkùnrin ṣe ń ṣe nílẹ̀ wa. Ilé tí ọkọ bá kọ́ níbẹ̀, ilé ìyàwó ni. Ilẹ̀ tó kọ́ ọ lé, ti ìyá ìyàwó ni. Àlejò ni ọkọ, ì báà gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún, ilé tó kọ́ ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n rẹ̀. Bí òrùlé bá jò, orúkọ rẹ̀ ló ń jò. Bí òpó bá wọ́, wọ́n á ní ọkọ ọmọ àwọn ló wọ́.

Ikán ló wá fẹ́ dójú tì í. Ilẹ̀ ikán ni Chingoka. Òpó tí Lasteni kọ́kọ́ rì, ikán jẹ ẹ́ tán láàrin ọdún méjì. Ó pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n tún jẹ èyí tó fi pààrọ̀. Ìyá Sinoliya kò bá a wí. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀, a kọ́kọ́ gbá erùpẹ̀ ikán jọ síwájú ilé, a dúró wò ó, a mí kanlẹ̀, kó tó máa bá ìgbálẹ̀ rẹ̀ lọ. Ìmí yẹn dun Lasteni ju èébú lọ.

Kí n má purọ́, gbogbo wa la máa ń fi ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù kun òpó. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n bá fà jáde nínú ẹ́ńjìnnì, a ó fi àkísà rẹ́ ẹ mọ́ ẹsẹ̀ òpó, ikán á wá ibòmíràn gbà. Bàbá mi ṣe é, èmi náà ṣe é. Ṣùgbọ́n Lasteni rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí ìwọ̀nba bá dára, púpọ̀ á dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbá mẹ́ta ló kún dé ẹnu ní gáréèjì wọn nígbà náà, ọ̀gá sì ti ń pariwo pé kí ẹnì kan bá òun wá ibi tí wọ́n máa dà á sí. Gbogbo ohun tó ń jáde lára ọkọ̀ ló wà nínú àgbá wọ̀nyẹn: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì bíréèkì, omi aláwọ̀ ewé inú rédíétọ̀, àti pẹtiróòlù tí wọ́n fi ń fọ irin. Lasteni ní òun mọ ibi tí òun á dà á sí. Kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì ló fi kẹ̀kẹ́ rù ú délé. Ó gbẹ́ kòtò yí ilé ká, jíjìn rẹ̀ tó orúnkún, ó da gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì wa erùpẹ̀ bò ó.

Ẹ̀bùn ni lójú rẹ̀. Ó pe Sinoliya síta, ó ní ikán kankan ò tún ní í fojú kan ilé yìí títí àwọn méjèèjì á fi darúgbó. Sinoliya rẹ́rìn-ín, ó sì gbé korobá lọ pọn omi tí ọkọ rẹ̀ máa fi wẹ̀.

Kànga wà nísàlẹ̀ ilé, ogójì ìṣísẹ̀ péré. Ìyá tó bí ìyá Sinoliya ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Omi rẹ̀ tutù nínú ẹ̀ẹ̀rùn oṣù Òwéwe, kódà bí ilẹ̀ ibi gbogbo bá ti ń sán. Àwọn ará abúlé kejì a máa yà níbẹ̀ bu mu bí wọ́n bá ń ti ọjà bọ̀.

Òjò ọdún àkọ́kọ́ rọ̀, ó dá, kò sí nǹkan kan. Ikán lọ lóòótọ́. Ìyá Sinoliya ń gbálẹ̀, kò mí kanlẹ̀ mọ́, Lasteni sì ń gbé àyà sókè rìn kiri agbo ilé. Òjò ọdún kejì ló kó ọ̀rọ̀ síta. Àwọn obìnrin sọ korobá sínú kànga, wọ́n fà á sókè, wọ́n rí àwọ̀ òṣùmàrè tó ń yí lójú omi. Wọ́n dà á nù, wọ́n tún fà, bákan náà ni. Nsima wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ìdí lọ́rì. Ọmọ àbúrò Sinoliya kan bì fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko kí ara rẹ̀ tó wálẹ̀. Wọ́n bá dìde, wọ́n ń tẹ̀lé òórùn náà gòkè bí ẹni ń tẹ̀lé ipasẹ̀ ewúrẹ́ tó sọnù, ẹsẹ̀ wọn kò sì dúró títí wọ́n fi dé ìdí ilé Lasteni.

Nílẹ̀ wa, tọkọtaya kì í bá ara wọn ṣẹjọ́ lójúkojú. Àwọn tó dúró fún wọn lọ́jọ́ ìgbéyàwó ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, tí wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Biziweki, ẹ̀gbọ́n ìyá Sinoliya lọ́kùnrin, ló dúró fún Sinoliya. Ẹni tó dúró fún Lasteni ni Zakeyo, àbúrò ìyá rẹ̀, awakọ̀ tó ń fi lọ́rì kó sìmẹ́ǹtì láti gúúsù. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Lasteni jókòó lẹ́yìn Zakeyo, ó tẹ orí rẹ̀ ba, Sinoliya sì wà láàrin àwọn obìnrin lápá kejì.

Biziweki kì í pariwo. Bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ló ṣe wí.

"Zakeyo, ọmọ ẹ ò na ọmọ wa. Kò yan àlè. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ì bá tiẹ̀ rọ̀ wá lọ́rùn ká ní ọ̀lẹ ni, à bá lé e, ká sinmi. Àmọ́ omi ló bà jẹ́ mọ́ wa lẹ́nu. Kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀. Kó gbé ọkọ́ ẹ̀ dání, kó fi àáké ẹ̀ sílẹ̀ síbí, káyé lè mọ̀ pé a ò tú wọn ká. Lọ́jọ́ táwọn obìnrin ilé yìí bá tún mu omi kànga yìí, kó máa bọ̀ nílé. Kó tó dọjọ́ náà, kò gbọ́dọ̀ bá Sinoliya sọ̀rọ̀, òun náà ò sì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn."

Zakeyo ní àwọn ti gbọ́. Lasteni dìde, ó gbé ọkọ́ rẹ̀. Ó fi àáké ti ògiri ilé Sinoliya, ó sì bọ́ sọ́nà.

Ilé ìyá Lasteni kò jìnnà, ẹ̀yìn gáréèjì gan-an ló wà. Ìyá rẹ̀ tẹ́ ẹní fún un ní igun tó ń sùn nígbà tó wà lọ́mọdé. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ẹ̀rọ omi tó kù fún àwọn obìnrin Chingoka wà ní ilé ẹ̀kọ́, ìrìn wákàtí kan, iwájú gáréèjì ni ọ̀nà ibẹ̀ sì gbà. Láràárọ̀, bí oòrùn bá ti ń yọ, wọ́n á kọjá lọ pẹ̀lú korobá òfìfo. Bí oòrùn bá ti mú díẹ̀, wọ́n á padà bọ̀, korobá á kún lórí wọn.

Lasteni mọ ìrìn Sinoliya láàrin ogún obìnrin. Ó mọ bí ó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ òsì, bí ó ṣe máa ń fi ìka kan péré di etí korobá mú. Á wà lábẹ́ ọkọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá nìkan ni yóò máa rí, síbẹ̀ á mọ èyí tó jẹ́ ti Sinoliya. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá ti ń bọ̀, sípánà á dákẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ti kọjá, á ṣì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, á máa wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti máa rí ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ. Ohun tó sì ń jẹ ẹ́ lára jù ni pé omi tó wà lórí aya rẹ̀ yẹn, òun ló gbé e rù ú.

Àwọn mẹkáníìkì kì í jẹ́ kí ẹni tí nǹkan ń dùn sinmi. Fraisoni, ẹni tí òun àti Lasteni jọ kọ́ṣẹ́, ló sọ ọ́ lórúkọ. Á fi ẹsẹ̀ kan ìdí bàtà rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, á ní, "Ọkọ kànga, àwọn ìyàwó ẹ ń kọjá o. Jáde wá kí wọn." Àwọn yòókù á rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí oṣù kan kọjá, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó ra ọṣẹ ìfọṣọ elétù, páálí mẹ́ta, ó bẹ Zakeyo kó bá òun gbé e fún wọn kí wọ́n dà á sí kànga. Wọ́n dà á. Fún ọjọ́ mẹ́rin, ìfófòó ń hó jáde lẹ́nu kànga bí ẹni ń pọn ọtí. Zakeyo padà wá, ojú rẹ̀ le.

Ó ní, "Biziweki ní kí n sọ fún ẹ pé kànga kì í ṣe aṣọ."

Ó jókòó ti Lasteni sórí táyà àlòkù. Ó sọ fún un pé ní iléeṣẹ́ tí òun ti ń kó sìmẹ́ǹtì, wọ́n máa ń gba ọ́ìlì dúdú lọ́wọ́ àwọn onígáréèjì. Ìléru kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń sun òkúta, iná rẹ̀ gbóná débi pé ohun tó bá wọ inú rẹ̀ kì í kù. Ọ̀gbẹ́ni kan níbẹ̀ ti ṣàlàyé fún òun pé ẹni tó bá ń gbọ́n omi kànga nìkan ń ṣe lásán. Ara ilẹ̀ lọ́ìlì wà, gbogbo ìgbà tí òjò bá sì rọ̀ ni ilẹ̀ á tún fún un jáde. Àfi kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ náà kúrò.

Lasteni ní òun á gbẹ́ ẹ. Zakeyo lọ tọrọ àyè. Biziweki gbà, ó ní ó lè máa wá láàárọ̀, nígbà tí Sinoliya bá lọ sí ẹ̀rọ, kó sì ti kúrò kó tó dé.

Ẹ wo irú ayé tí ọkùnrin yìí ń jẹ. Bí ìyàwó bá ti kọjá níwájú gáréèjì tó ń lọ, ọkọ á gbé ọkọ́ àti dígà, á gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sílé ìyàwó. Á bá eérú ààrò tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Á bá aṣọ ìró rẹ̀ lórí okùn, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Á gbẹ́ ilẹ̀ tó dúdú tó sì ń lẹ̀ mọ́ ọkọ́, á kó o sínú àpò tó fi ọ̀rá tẹ́ nínú, á so ó, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà de lọ́rì Zakeyo. Bí òjìji igi máńgòrò bá ti kan ògiri, á mọ̀ pé àwọn obìnrin ti ń bọ̀, á sì lọ. Ipasẹ̀ tirẹ̀ àti tìyàwó rẹ̀ ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ lójúde yẹn, àwọn tó ni wọ́n kò pàdé.

Ní ọjọ́ kẹjọ, ó bá ife omi kan lórí pèpéle, àwo kékeré ni wọ́n fi dé e. Omi ẹ̀rọ ni. Ìrìn wákàtí kan ni wọ́n fi gbé e dé ibẹ̀. Lasteni jókòó síwájú ife náà, kò mọ bóun ṣe lè mu irú omi yẹn. Nígbà tó yá, ó mu ún, díẹ̀díẹ̀, ó sì fi ife dojú dé bó ti yẹ. Láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ tí ife yẹn kò sí níbẹ̀. Ìyá Sinoliya rí i. Ó ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ní gáréèjì, Lasteni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da nǹkan sílẹ̀ mọ́. Ó ní ọ́ìlì tí wọ́n bá fà, Zakeyo á máa gbé e lọ fún àwọn onísìmẹ́ǹtì. Nígbà tí àgbá kan kún, òun àti Zakeyo gbé e lọ fúnra wọn, ìrìnàjò ọjọ́ kan gbáko. Ọ̀gbẹ́ni ẹnu géètì ki ọ̀pá gígùn kan bọ inú àgbá, ó fà á yọ, ó wo ìdí rẹ̀, ó mi orí. Ó ní omi rédíétọ̀ wà nínú rẹ̀, àwọn kò lè gbà á. Ó ní kí wọ́n fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sọ́tọ̀, kí wọ́n fi omi rédíétọ̀ sọ́tọ̀, kí wọ́n fi ọ́ìlì bíréèkì sọ́tọ̀, bí wọ́n bá ti po wọ́n pọ̀, ó di wàhálà. Kí wọ́n gbé èyí padà.

Wọ́n yí lọ́rì padà. Ó ti rẹ Zakeyo. Nígbà tí wọ́n dé ibi gegele kan, ó pa ẹ́ńjìnnì.

Ó ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, kò sẹ́ni tó ń wò wá níbí. Jẹ́ ká yí àgbá yìí dànù ká máa lọ."

Lasteni sọ̀ kalẹ̀, ó lọ dúró sétí gegele náà. Èéfín kan ń yọ jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀, láàrin àwọn igi ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó padà wá.

Ó ní, "Bàbá, àwọn ènìyàn ń dáná nísàlẹ̀ yẹn. Ibo lẹ rò pé wọ́n ti ń pọnmi?"

Zakeyo ṣáná sí ọkọ̀. Àgbá náà padà délé, ó dúró ní igun gáréèjì fún oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó rí ẹni tó gbà á. Láti ìgbà náà ni Lasteni ti wá kẹ́ẹ̀gì funfun fún ọ́ìlì bíréèkì, kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ewé fún omi rédíétọ̀, àgbá onídèérí fún ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, tòun ti àrọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Fraisoni fi ṣe ẹlẹ́yà, ó ní Ọkọ kànga ti ya yàrá fún àwọn ìyàwó rẹ̀ kí wọ́n má bàa jà. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kan, Lasteni rí Fraisoni fúnra rẹ̀ tó ń fi sùúrù da omi rédíétọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ewé. Bí ó ti rí i pé wọ́n ń wo òun, ó ní kí ni wọ́n ń wò.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn fún ẹ̀ẹ̀rùn méjì. Àwọn onísìmẹ́ǹtì gba ilẹ̀ dúdú náà, wọ́n ní ìléru tó ń sun òkúta kò ní kọ erùpẹ̀. Àpò tí wọ́n kó lé ní igba. Lasteni gbẹ́ kòtò náà yí ilé po, títí ó fi kan amọ̀ pupa tó mọ́, ó sì fi amọ̀ tuntun dí i.

Ó ku ibì kan, ohun tí Lasteni kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nìyí. Nígbà tó ń da ọ́ìlì lọ́dún náà lọ́hùn-ún, ó tán lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dé ilé ìdáná Sinoliya. Ó bá kó fílítà ẹ́ńjìnnì àlòkù, bí ogójì, ó rì wọ́n sábẹ́ òpó ilé ìdáná náà kí wọ́n máa jò díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Láti yọ wọ́n, àfi kó wó ilé ìdáná náà lulẹ̀, kó sì gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn! Ọdún kejì rèé tí kò gbọ́ ohùn aya rẹ̀ àyàfi lọ́ọ̀ọ́kán, bí ó bá ń bá àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín lójú títì. Ó ń rò ó pé fílítà kò tó nǹkan. Ó ń rò ó pé wọ́n lè má jò dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí Zakeyo bi í bóyá iṣẹ́ ti parí, ó wo ilẹ̀, ó ní ó ti parí.

Wọ́n dá ọjọ́ sí oṣù Ṣẹ́rẹ́, ìgbà tí òjò máa ń pọ̀ nílẹ̀ wa, lẹ́yìn òjò ńlá mẹ́ta. Gbogbo agbo ilé pé sídìí kànga. Lasteni fọ ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí ìyá rẹ̀ lọ̀ fún un, ó dúró lẹ́yìn Zakeyo. Sinoliya wà lápá ọ̀hún, kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí i. Wọ́n fa omi sókè, ó mọ́ kedere, àwọ̀ òṣùmàrè kankan kò sí lójú rẹ̀. Ìyá Sinoliya bù ú mu, ó ní omi ìyá òun ti padà. Àwọn obìnrin yòókù mu, wọ́n ń pọ́n ẹnu lá. Biziweki mu ife kan tán, ó nu irùngbọ̀n.

Ó ní, "Zakeyo, sọ fún ọmọ ẹ kó lọ ká ẹní ẹ̀ wá."

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹnì kan sì gbé ife lé Sinoliya lọ́wọ́ pé ó yẹ kí ìyàwó náà mu tirẹ̀. Ó bu omi sẹ́nu, kò gbé e mì. Ó fi sẹ́nu títí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tu ú dànù.

Ó ní, "Ó ṣì wà níbẹ̀."

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ fèsì.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o mọ̀ pé ọkọ ẹ là ń bá ẹ gbà padà?"

"Mo mọ̀, Ìyá. Bí mo bá ní ó dáa, tí omi yìí tún mú ọmọ ẹnì kan bì, ẹ máa lé e dànù pátápátá ni."

Ó yíjú sí Biziweki, nítorí kò gbọ́dọ̀ yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ó pè é ní Malume, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni.

"Malume, ẹ bá mi bi í, kí ló wà lábẹ́ ilé ìdáná mi? Bí mo bá dáná níbẹ̀, ilẹ̀ a máa làágùn, òógùn náà sì ń rùn."

Lasteni gbọ́ ọ ketekete, ìṣísẹ̀ mẹ́rin ṣá ni. Ṣùgbọ́n bó ṣe yẹ kó rí ló rí. Biziweki kọjú sí Zakeyo, ó bi í kí ló wà lábẹ́ ilé ìdáná. Zakeyo kọjú sí Lasteni, ó bi í kí ló wà lábẹ́ ilé ìdáná.

Lasteni ní, "Fílítà ni. Bí ogójì."

Zakeyo sọ fún Biziweki pé fílítà ni, bí ogójì. Biziweki sọ fún Sinoliya. Àwọn obìnrin kan ti ń kùn. Sinoliya ní kí wọ́n bi í ìdí tí kò fi hú wọn. Ìbéèrè náà tún gba ẹnu méjì kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lasteni wo ọwọ́ rẹ̀.

"Mo fẹ́ wá sílé ni."

Zakeyo kọjú sí Biziweki.

"Ó ní òun fẹ́ wá sílé."

Biziweki wo kànga, ó wo àna rẹ̀, ó wá yíjú sí ọmọ àbúrò rẹ̀.

"Sinoliya, ó ní òun fẹ́ wá sílé."

Sinoliya fa etí aṣọ ìró rẹ̀ bojú. Nígbà tó sọ aṣọ náà kalẹ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Ẹ sọ fún un pé kó wá wó o. Níta ni màá ti máa dáná."

Biziweki ní ó yẹ kí òun bínú, pé ọkùnrin tó mọ ohun tó wà nílẹ̀ tó sì dákẹ́ kò ṣe dáadáa, àti pé ìbínú náà ń bọ̀, ó ṣì wà lọ́nà. Lasteni á padà sílé ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ kànga sì wà bó ti wà. Ṣùgbọ́n ó ní wàhálà gbígbé ọ̀rọ̀ kiri láàrin ẹni méjì tó ń gbọ́ ara wọn ti sú òun àti Zakeyo, àgbà ti dé sí àwọn. Láti ọjọ́ náà lọ, kí wọ́n máa kí ara wọn. Kíkí nìkan o.

Lasteni wó ilé ìdáná náà lọ́jọ́ kejì. Sinoliya kó ìkòkò rẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, ó to òkúta mẹ́ta. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti lè kíra, kò tún sí ìdí tí ọkọ á fi máa sá kó tó dé. Bí ó bá ti sọ omi kalẹ̀ lórí, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Lasteni á dá ọkọ́ dúró, á ní, "Ẹ kú ìrìn." Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Obìnrin á máa ro nsima lábẹ́ igi, ọkùnrin á máa gbẹ́ ilẹ̀ níbi tí òpó wà tẹ́lẹ̀, èéfín á máa fẹ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ogún ìṣísẹ̀ á wà láàrin wọn. Nígbà mìíràn, Sinoliya á kí i lẹ́ẹ̀mejì. Bí oòrùn bá ti rẹlẹ̀, Lasteni á nu ọkọ́ rẹ̀, á ní, "Ó dàárọ̀," á sì kọrí sọ́nà títì, sílé ìyá rẹ̀.

Zakeyo fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí fún mi, lọ́jọ́ tí táyà lọ́rì rẹ̀ bẹ́ níwájú ilé mi, tí àpò ilẹ̀ dúdú méjìlá wà lẹ́yìn ọkọ̀. Mo bi í bóyá àwọn obìnrin ti mu omi náà. Ó ní fílítà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Lasteni ti hú jáde nínú bí ogójì, òjò ọdún náà tí wọ́n fi máa dán omi wò kò sì tíì rọ̀.